Bọ́ọ̀ṣì Ẹ̀yìn Mọ́tò Alhájà

Bí mo ṣe dé Ṣàgámù kò ṣe pàtàkì. Mọ́tò ló gbé mi dé ibẹ̀, mọ́tò náà ló sì gbé mi kúrò. Èyí tó gbé mi kúrò yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ọwọ́ ara mi ni mo fi tún un ṣe.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí, ní òdì kejì ibodè, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ti ṣe ìjọba nígbà kan. Yorùbá ni wá. Bàbá mi Yorùbá, ìyá mi Yorùbá, ajá ilé wa pàápàá, Yorùbá la fi ń lé e kúrò nídìí ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé tí mo bá dé Ṣàgámù, àfi bí ẹni tó ti ìyẹ̀wù bọ́ sí pálọ̀ ni. Ojú àlejò ló là, kò fi ríran.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo bọ́ sí àgbàlá Alhájà tó gbà mí síṣẹ́ ní àdúgbò Ìjokù. Oníṣòwò obì ni Alhájà, obìnrin kékeré kan tí kì í pariwo, tí kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn obìnrin jókòó yí òkìtì obì ká, wọ́n ń bó o. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa. Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Mọ́rùfù, tó jẹ́ ọ̀gá wọn, rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ibo lo ti gbé irú ìkíni yìí wá?"

"Ṣábẹ̀ẹ́ ni, mà."

"Ibo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Tí ẹ bá ti kọjá ibodè, mà, ẹ ó wá máa lọ sí apá òkè..."

"Ṣé ọ̀nà Kutonu ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà, ṣùgbọ́n..."

"Àgànyìn ni," ló sọ fún àwọn yòókù, wọ́n sì padà sídìí obì wọn.

Mo ṣàlàyé pé Àgànyìn kọ́ ni wá, pé àwọn Àgànyìn ń bẹ lọ́tọ̀, àwa ń bẹ lọ́tọ̀, pé èdè kan náà ni èmi àti òun jọ ń sọ yìí. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, "Mo gbọ́. Àgànyìn tó gbọ́ Yorùbá ni ọ́." Kí oòrùn tó wọ̀, orúkọ yẹn ti yí Ìjokù po.

Kò sí ìkórìíra nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Mọ́rùfù kan náà ló máa ń bu ìkọ́kọrẹ́ pamọ́ dè mí, tó ń sọ pé Àgànyìn ò gbọdọ̀ kú sí àgbàlá àwọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí oúnjẹ náà, mo rò pé ẹnì kan ló se àsáró tí kò rántí dá iná dúró. Nígbà tó yá mo ń jẹ ẹ́. Nígbà tó tún yá, mo ń béèrè rẹ̀.

Ohun tó ṣòro ni ìgbà tí wọ́n bá ń sọ Rẹ́mọ láàárín ara wọn. Ó máa ń dà bí ìgbà tí èèyàn wà ní yàrá kejì tí àwọn òbí rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. O mọ ohùn wọn, o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni, nígbà mìíràn o tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù kò wọlé. Tí mo bá ti yọjú, wọ́n á yí i padà sí Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún mi. Èmi ì bá sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ tiwọn lọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé obì, kí n ṣà á, kí n fi ewé tẹ́ apẹ̀rẹ̀, kí n dì í fún àwọn Hausa tó ń rà á ní Sábó. Yàrá tí apẹ̀rẹ̀ wà ni mo ń sùn. A kì í jẹ́ kí atẹ́gùn gbá obì, kí ó má baà gbẹ, nítorí náà wọ́n á fi ewé bò ó dáadáa, wọ́n á máa wò ó. Mo máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kí n máa rò ó pé ìtọ́jú obì yìí ju tèmi lọ. Kò dùn mí. Mo kàn ń rò ó ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ọdún wọ̀nyẹn nìyẹn: ohun púpọ̀ ló yẹ kó dùn mí tí kò dùn mí. Ara mi ti kú, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé jù ṣe máa ń kú.

Ṣé ẹ óò béèrè pé iṣẹ́ obì ni mo kọ́ nílé? Rárá o. Mẹkáníìkì ni mí. Lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Kutonu ni mo ti kọ́ ọ, Píjò ni a sì ń tún ṣe jù lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ bá ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní Ṣàgámù, wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún mi lómi mu, lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè onídùúró. Wọ́n ní kí n mú ọmọ ìlú kan wá tó mọ bàbá mi. Ta ni n óò mú? Mo dúpẹ́, mo gbé ife omi wọn kalẹ̀, mo padà sídìí obì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bá oníṣègùn òyìnbó kan ṣiṣẹ́ ní Kutonu, tẹlifóònù sì wà níbẹ̀. Mo máa ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, kí n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kí n dúró dìgbà tí wọ́n bá rí wáyà. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i, ariwo ni mo máa ń gbọ́ jù. Ìgbà kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi mú ìyá wa wá láti Ṣábẹ̀ẹ́ kó lè gbọ́ ohùn mi. Ìyá mi kò tíì di tẹlifóònù mú rí.

"Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni mo wà, Ìyá."

"Àwọn ará ibẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Ìyá."

"Ẹni tó gbà ọ́ sílé ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò ńkọ́?"

Ó kí mi bí ó ṣe yẹ kí ìyá kí ọmọ tó wà lájò. Kò fo ẹnikẹ́ni. Ó kí ọkọ Alhájà tó ti kú, ó kí obì, ó kí ọ̀nà. Nígbà tó kí gbogbo wọn tán, ó ní, "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ni pé..." wáyà sì já. Mo dúró díẹ̀ pẹ̀lú irin náà létí mi. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ní kí n gbé e kalẹ̀, pé àwọn ẹlòmíràn ń dúró. Mo gbé e kalẹ̀. Mo lọ di obì.

Kó má baà dà bíi pé ìyà nìkan ni mo jẹ. Ọjọ́ kan wà tí ọkùnrin aláṣọ funfun kan dá ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo la gbà dé Òfin, ibi tí ààfin wà?" Mo júwe fún un láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ó yà síbí, kí ó má yà sọ́hùn-ún, tó bá rí mọ́ṣáláṣí kó máa lọ tààrà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ onílùú." Mo dúró lójú ọ̀nà yẹn títí eruku ọkọ̀ rẹ̀ fi rọlẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn ni.

Lẹ́yìn náà ni rédíò sọ ọ́. Ìgbà ọyẹ́ ni. Wọ́n ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa padà sí ilẹ̀ wọn, wọ́n sì dá ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé wọn pamọ́ yóò rí ìjà ìjọba. Èmi àti àwọn obìnrin jọ gbọ́ ọ lágbàlá ni. Kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Ìyá Mọ́rùfù ń bó obì lọ, ọ̀bẹ rẹ̀ kò dúró.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń retí láti ọjọ́ yẹn: kí ẹnì kan nínú ilé náà sọ fún mi pé, "Má lọ." Ẹnikẹ́ni. N kò ní béèrè pé báwo. N kò ní béèrè ibi tí wọ́n máa fi mí pa mọ́ sí. Ọ̀rọ̀ mi ti dà bíi ti àdán, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ, ṣùgbọ́n mo rò pé tí ẹnì kan bá lè sọ gbólóhùn yẹn, n óò mọ èyí tí mo jẹ́. Ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń bu oúnjẹ fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Alhájà ní Píjò kan tó fi ń káàkiri oko obì. Làmídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń wà á. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀yìn mọ́tò náà ti ń ké, tí ó sì ń jù bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n bá ti yí kọ́nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Alhájà pè mí síbẹ̀.

"Ṣé mọ́tò yìí lè dé Ìdíròkò?"

Ibodè ni Ìdíròkò. 

"Bó ṣe wà yìí kọ́, mà. Bọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ti jẹ tán."

"Ẹ̀ẹ́ti jẹ́?" Bí àwọn ará Rẹ́mọ ṣe ń béèrè ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn, mo sì ti gbọ́ ọ tó láti dáhùn.

"Bùrọ̀dá Làmídì ló ń rọ epo sí i kó má baà ké mọ́, mà. Rọ́bà ni. Tí epo bá ti kàn án, á wú, á rọ̀, á sì fà ya."

Làmídì ní, "Ṣebí kò ké mọ́ nígbà náà?"

"Kò ké mọ́, òótọ́ ni. Òkú náà kì í ké," ni mo dá a lóhùn.

Alhájà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé o lè tún un ṣe?"

Mo ní mo lè tún un ṣe. Kò sọ ẹni tó fẹ́ lọ sí Ìdíròkò. Èmi náà kò béèrè.

Bọ́ọ̀ṣì yìí, kí ẹni tí kò mọ mọ́tò lè mọ̀ ọ́n: apá irin méjì ló di táyà ẹ̀yìn mú mọ́ ara mọ́tò, ibi tí apá yẹn ti so mọ́ ara ni wọ́n ki rọ́bà sí, kí irin má baà máa lu irin. Rọ́bà yẹn ni bọ́ọ̀ṣì. Mo lè ra irú èyí tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù fún ọ̀nà oko obì. Mo wá ògbólógbòó táyà tírélà, mo gé e, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ó sì gbẹ́ ẹ róbótó bí mo ṣe fẹ́. Èyí tó le, tó lè gbé apẹ̀rẹ̀ obì àti èèyàn kọjá nínú kòtò láìmira.

Mo fi jáàkì gbé ẹ̀yìn mọ́tò sókè nínú àgbàlá, mo fi ìtì igi gbè é lẹ́sẹ̀, mo tú apá méjèèjì. Rọ́bà àtijọ́ ti di ẹ̀kọ. Mo fi iná jó èyí tó lẹ̀ mọ́ irin, mo fi ọ̀bẹ họ ọ́ mọ́. Sìkírá, ọmọ Alhájà, tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, dúró tì mí.

"Bùrọ̀dá, kí ni kí n bá yín mú wá?"

"Ọṣẹ dúdú."

"Ẹ fẹ́ wẹ̀ ni?"

"Mọ́tò ló fẹ́ wẹ̀."

Ọṣẹ ni a fi ń ki rọ́bà wọlé, kì í ṣe epo. Ó máa ń yọ̀, tó bá yá á gbẹ, kò ní ba nǹkan jẹ́. Mo pò ó mọ́ omi, mo fi pa bọ́ọ̀ṣì, mo fi bóòtù gígùn àti wọ́ṣà irin méjì fà á wọlé díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe ń yí sípánà ni ó ń wọlé. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Láti ìgbà tí mo ti dé Ṣàgámù, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ mi ń ṣe ohun tí ó mọ̀. Mo sì mọ̀ pé mọ́tò tí yóò gbé mi jù sẹ́yìn ibodè ni mo ń tún ṣe. Àwọn nǹkan méjèèjì wà nínú mi, wọn kò bá ara wọn jà.

Ó wá ku dídì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣìnà. Tí o bá di bóòtù náà nígbà tí mọ́tò ṣì wà lórí jáàkì, tí táyà ń rọ̀ jọ̀jọ̀, ńṣe ni rọ́bà máa lọ́ nígbà tí mọ́tò bá délẹ̀, á sì máa wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ bí ọrùn ẹni tó sun oorun kò-dára. Kì í pẹ́ ya. Àbúrò bàbá mi máa ń sọ pé kí o jẹ́ kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí o di ẹrù tí ó máa ń gbé lé e, kí o tó dì í. Bí ó bá ṣe jókòó nígbà tí o dì í, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fẹ́ jókòó títí ayé rẹ̀.

Mo sọ mọ́tò kalẹ̀ lórí pákó nínípọn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí àyè lè wà fún mi lábẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹrù. Gbogbo obì ti lọ sí Òkè Ọya, apẹ̀rẹ̀ òfìfo ló kù. Mo ní, "Alhájà, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn ni n óò nílò."

Báyìí ni wọ́n ṣe wọlé. Làmídì jókòó sídìí ọwọ́ mọ́tò. Tíṣà Ìpẹ̀rú, tó háyà yàrá iwájú, Mẹ́tọ́díìsì tó ń wàásù fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí. Alhájà, Ìyá Mọ́rùfù àti Sìkírá wà lẹ́yìn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Èèyàn márùn-ún nínú mọ́tò tí kò lọ síbì kankan. Mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo dùbúlẹ̀ sórí páálí, irin sì sọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ ojú mi.

 Lẹ́yìn náà, ohùn Alhájà wá láti òkè orí mi.

"Tí wọ́n bá wá mú un, n óò sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ọwọ́ mi dúró lórí sípánà. Yorùbá tó yé mi ló fi sọ ọ́. Bóyá torí Tíṣà ni. Bóyá torí mi ni, n kò mọ̀ títí dòní.

Tíṣà ní, "Alhájà, mo gbọ́ yín. Tí ọlọ́pàá bá wá ní kó fi èdè Rẹ́mọ kí yín ńkọ́?"

Sìkírá ní, "Ó ti ń gbọ́ ọ, sà."

"Gbígbọ́ kọ́ ni mo wí, ọmọ mi. Sísọ."

"Ẹ ò lè bá wa kọ ìwé, Tíṣà?" ni Alhájà bi í. "Pé Ìjokù ni wọ́n bí i sí?"

Ìsàlẹ̀ mọ́tò mì díẹ̀. Tíṣà ló ń yí ìdí padà. "Mo lè kọ ọ́. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo lè kọ ọ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ta ni ó máa gbà á gbọ́?"

 Mo ń gbọ́ bí Làmídì ṣe ń fi ìka lu ọwọ́ mọ́tò. Ìyá Mọ́rùfù ló wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

"Gbogbo Ìjokù ló mọ̀ ọ́n sí Àgànyìn. Àwọn ọmọdé ń fi pè é. Wọ́n mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ ní Sábó. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn."

"Ẹ̀fẹ̀ lẹ fi ṣe," ni Sìkírá wí.

"Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ṣe," ni Ìyá Mọ́rùfù wí.

Mo dúró. Mo ń retí kí Alhájà sọ ọ̀rọ̀ kan sí i, nítorí òun ló ni ilé, òun ló sì ni àṣẹ. Eruku bọ́ sí mi lójú, mo jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó fọhùn. Nígbà tó sì fọhùn, èmi ló bá sọ ọ́, ó yọrí síta ní ojú fèrèsé.

"Ṣé ó ti le?"

Mo di nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo di ti ọ̀tún. Mo fi páìpù kún ọwọ́ sípánà, mo fi gbogbo ara mi fà á títí kò fi gbọ́ mọ́.

"Ó ti le, mà."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Mọ́rùfù kò wo ibi tí mo wà.

Lọ́jọ́ tí a lọ, iwájú ni wọ́n ní kí n jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Làmídì. Alhájà jókòó lẹ́yìn, òun tí kì í rin ìrìn tó ju oko lọ. Ìyá Mọ́rùfù àti Sìkírá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kúlà ìkọ́kọrẹ́ sì wà lórí itan Ìyá Mọ́rùfù. A gba Abẹ́òkúta, a gba Ìlaròó. Àwọn èèyàn wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú àpò àti ẹní lórí, ọmọ lẹ́yìn wọn. Mo ń tẹ́tí sí ẹ̀yìn mọ́tò. Mo fẹ́ kó dún. Mo fẹ́ kó ké lẹ́ẹ̀kan péré, kí n lè ní kí a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n tún un tú. A bọ́ sínú kòtò, a jáde, kò dún. N kò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Làmídì ní, "Mo dúpẹ́ o. Mọ́tò tuntun lo dá yìí."

Ní Ìdíròkò, mo sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá Mọ́rùfù gbé kúlà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Má jẹ́ kó tutù," ojú rẹ̀ sì pọ́n. Alhájà kó obì mẹ́rin lé mi lọ́wọ́, àwọn tó dára jù, tí mo mọ̀ pé títà ni ó máa ń tà wọ́n. Ó ní, "Bá mi kí ìyá rẹ." Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn bí a ṣe ń ṣe ní Ṣábẹ̀ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí nígbà náà. Ó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé láti dìde, Sìkírá ló fà mí lápá.

Wọ́n padà sínú mọ́tò. Tíṣà ti bẹ̀ wọ́n kí a tó kúrò nílé pé kí wọ́n bá òun gbé ẹ̀gbọ́n òun kan tó dúró ní Ìdíròkò bọ̀, ọkùnrin náà sì bọ́ síwájú, sí àyè tí mo dìde kúrò. Ẹ̀yìn mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jókòó, ó sì dúró. Ojú mẹkáníìkì ni mo fi wò ó, n kò lè ṣe é kí n má wò ó. Ó dọ́gba. Kò tẹ̀ sí òsì, kò tẹ̀ sí ọ̀tún. Ibi tí mo dì í sí gan-an ló jókòó sí, nítorí iye èèyàn tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo dì í náà ló tún wà nínú rẹ̀.

Abẹ́ rẹ̀ ni èmi wà lọ́jọ́ yẹn.